Ẹ Bi Màmá Agbẹjọ́rò: Owó Ilé, Ṣẹ́ẹ̀nì Géètì àti Ìwọ́de

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ ju ti oṣù tó kọjá lọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo yín ń sọ. Ẹni tí kò bá sọ ti owó ilé, ti ìwọ́de ló ń bi mí. Nígbà tí mo kà wọ́n tán, mo rí i pé inú ìkòkò kan náà lẹ ti ń bu ọbẹ̀. Mẹ́rin ni màá mú nínú wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bi mí nípa ìkọ̀sílẹ̀, ẹ fara balẹ̀, tiyín di oṣù tó ń bọ̀.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Oṣooṣù ni wọ́n ń yọ owó NHF, owó àjọdá fún ilé, nínú owó mi. Nígbà tí mo lọ béèrè owó tí mo lè fi kọ́lé, wọ́n ní owó oṣù mẹ́rìnlá péré ló wà lórúkọ mi. Àwa tó rí bẹ́ẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún. Àwọn ọ̀dọ́ inú wa ní ká lọ fi ṣẹ́ẹ̀nì ti géètì ọ́fíìsì tó ń sanwó wa, kẹ́nikẹ́ni má wọlé, kẹ́nikẹ́ni má jáde, títí owó wa á fi pé. Ṣé a lè ṣe é? Olùkọ́ tó ní ká fi orúkọ ìlú òun bò ó.*

Tíṣà, ẹ kú ìfaradà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra ṣẹ́ẹ̀nì.

NHF kì í ṣe àánú tí ìjọba ń ṣe yín, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe owó orí. Òfin tó gbé e kalẹ̀ ti wà láti 1992. Ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù yín ni wọ́n ń yọ. Ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ 60,000 náírà, 1,500 ló ń fi sílẹ̀ lóṣù. Ẹni tó ń san owó oṣù ló gbọ́dọ̀ yọ ọ́, òun náà ló sì gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí FMBN, báńkì ìjọba àpapọ̀ tó wà fún owó ilé. Kó yọ ọ́ kó má fi ránṣẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin yẹn. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ ṣe wà báyìí, àwọn ni wọ́n jẹ̀bi. Ọjọ́ tí ẹ bá fi ṣẹ́ẹ̀nì ti géètì mọ́ akọ̀wé àti agbálẹ̀ lórí, ẹ̀yin náà ti di ẹlẹ́jọ́ kí oòrùn tó kan àtàrí. Ìròyìn alẹ́ á ní àwọn tíṣà há èèyàn mọ́lé. Ta ló tún máa rántí NHF?

Àwọn kan ń sọ pé kí la fẹ́ fi 1,500 lóṣù ṣe, ká jẹ́ kó lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. FMBN kì í fi owó léèyàn lọ́wọ́ tààrà, ọwọ́ mọ́gééjì báńkì, àwọn báńkì tó ń yáni lówó ilé, ló ń gbà kọjá. Èlé ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún ló ń gbà lọ́wọ́ àwọn yẹn, ìdá 6 ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín. Ẹ lè san án fún ọgbọ̀n ọdún, bí ọdún tó kù kí ẹ fẹ̀yìntì bá tó bẹ́ẹ̀. Ká ní ẹ yá mílíọ̀nù 5 fún ogún ọdún, nǹkan bíi 35,800 náírà ni ẹ óò máa san lóṣù. Ẹ wá gbé mílíọ̀nù 5 kan náà lọ sí báńkì tó ń gba ìdá 30, kó jẹ́ ogún ọdún kan náà: ó lé ní 125,000 lóṣù! Ìdá 30 kì í sì ṣe àsọdùn, torí ní 2024, èlé tí CBN, báńkì àgbà, fi ń la ọ̀nà fáwọn báńkì yòókù fúnra rẹ̀ dé 27.5. Olùkọ́ wo ló fẹ́ rí 125,000 san lóṣù, kó sì jẹun?

Oṣù mẹ́fà péré ni wọ́n ní kéèyàn ti dá owó kó tó lè béèrè, ti mẹ́rìnlá yín sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó wà lọ́kàn báńkì. Ọ̀gá tí kò fi 1,500 ránṣẹ́, ṣé òun ló máa wá yọ 35,800 lóṣooṣù kó sì fi ránṣẹ́? Ẹ̀rù yẹn ló ń bà wọ́n, n kò sì lè bá wọn wí.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jókòó sídìí káńtà mọ́gééjì báńkì kan ní Dùgbẹ̀ kí n tó lọ kàwé lọ́ọ̀yà. Lọ́jọ́ kan, hẹ́dímásítà kan wọlé, ó gbé ọ̀rá búrẹ́dì kan síwájú mi. Mo rò pé oúnjẹ ni. Ó tú u: páàsìbúùkù NHF rẹ̀ tí èèpo rẹ̀ ti gbó, àti ìwé owó oṣù rẹ̀ láti oṣù tó ti kọ́kọ́ gba iṣẹ́. Ó fi píìnì dè wọ́n ní ọdún kọ̀ọ̀kan, píìnì náà ti dípẹtà débi pé ó fi àmì pupa sára bébà. Oṣù mọ́kànlélógún ni owó rẹ̀ kò dé. Kò pariwo rárá. Ó kàn ń fi ìka lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, "Èyí dà? Èyí náà ńkọ́?" Ọ̀gá mi, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, kò rí nǹkan kan sọ. Lọ́jọ́ náà gan-an ló kọ̀wé sáwọn tó ń sanwó bàbá yẹn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò ní bébà lọ́wọ́ ṣì ń wá bá mi ní káńtà lẹ́yìn ọdún méjì.

Kí gbogbo yín kó ìwé owó oṣù jọ. Ẹ lọ gba sítétímẹ́ǹtì NHF yín ní ọ́fíìsì FMBN tó wà ní olú ìlú ìpínlẹ̀ yín, kí ẹ to méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, oṣù sí oṣù. Oṣù tó bá wà níhìn-ín tí kò sí lọ́hùn-ún, ẹ fi báírò pupa yí i ká. Kí ẹgbẹ́ yín wá kọ lẹ́tà kan ṣoṣo lábẹ́ òfin 2011 tó fún ará ìlú láṣẹ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba, kí wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ẹ̀rí pé owó náà lọ sí FMBN. Ọjọ́ 7 ni òfin fún wọn láti dáhùn. Tẹ́lẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ a máa ní òfin àpapọ̀ ni, kò kan àwọn. Ní oṣù kẹrin 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ó kàn wọ́n.

Bí ọjọ́ 7 bá kọjá tí ẹnikẹ́ni kò fèsì, ẹ jáde. N kò ní kí ẹ má wọ́de o! Àwọn bébà tí ẹ fi báírò pupa yí ká yẹn ni kí ẹ tẹ̀ ní gàdàgbà, kí ẹ fi ṣe pátákó. Pátákó tó ní "Ẹ̀tọ́ wa dà?" ti sú àwọn akọ̀ròyìn. Èyí tó ní "Oṣù kẹta 2017, 1,500 náírà, ó dà?" ni wọ́n máa sáré wá yà.

*Màmá, àwa bí ọgọ́ta la san owó ìbẹ̀rẹ̀ fún ilé tí iléeṣẹ́ kan ní òun fẹ́ kọ́ fún wa, ká máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀. Ọdún kẹrin rèé, koríko ló wà níbẹ̀. A fẹ́ wọ́de lọ sí ọ́fíìsì wọn. Ọ̀gá ọlọ́pàá àdúgbò ní bí a kò bá gba ìwé àṣẹ, òun á kó gbogbo wa. Ṣé òótọ́ ni pé ó lè kó wa? Akọ̀wé àwọn tó sanwó.*

Ọmọ mi, òfin àtijọ́ ni ọ̀gá yẹn ṣì ń kà.

Ní oṣù kẹsàn-án 2003, ẹgbẹ́ òṣèlú ANPP pe àpéjọ ní Kánò láti fi ẹ̀hónú hàn lórí ìbò ọdún náà. Ọlọ́pàá tú wọn ká, wọ́n ní wọn kò gba ìwé àṣẹ. Public Order Act ni wọ́n dì mú, òfin 1979, ti ayé ṣọ́jà. ANPP gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ l'Ábùjá, wọ́n sì borí ní 2005. Ọ̀gá ọlọ́pàá pátápátá pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó tún fìdí rẹmi ní oṣù kejìlá 2007. Adájọ́ Olufunlola Adekeye, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ló ka olórí ìdájọ́ nínú ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yẹn: dídi pátákó mú kiri ìgboro ti di ọ̀nà tí ará ìlú fi ń sọ èrò wọn fún ìjọba, ìwé àṣẹ ọlọ́pàá sì tako òfin ilẹ̀ wa. Abala 39 àti 40 ìwé òfin 1999 ni kí o ní kó lọ kà.

Òfin ọlọ́pàá ti 2020 tún wá fi kún un, abala 83: bí ẹ bá fi tó ọlọ́pàá létí pé ẹ fẹ́ wọ́de, iṣẹ́ tiwọn ni láti kó èèyàn wá dáàbò bò yín. Nítorí náà, kọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n ṣọ́ ọ̀rọ̀ tí o máa lò. Má kọ "a ń tọrọ àyè". Kọ "a ń fi tó yín létí", kí o sọ ọjọ́, aago àti ọ̀nà tí ẹ máa gbà, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tìrẹ. Ẹ̀dà olóǹtẹ̀ yẹn, má fi í sílé.

Àwọn ìyá wa l'Ábẹ́òkúta ti bá irú ọ̀gá yìí pàdé rí. Nígbà tí wọn kò fún Funmilayo Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìwé àṣẹ láti wọ́de lórí owó orí obìnrin, wọ́n ní kò burú, ìwọ́de kọ́ làwọn ń lọ, píkíníìkì làwọn ń lọ. Ẹ wo ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin lójú pópó, píkíníìkì! Ní oṣù kìn-ín-ní 1949, Aláké fi oyè sílẹ̀.

Ẹ̀tọ́ láti jáde yàtọ̀ sí bí ẹ ṣe máa hùwà nígbà tí ẹ bá jáde. Ní oṣù kìn-ín-ní 2012, nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ epo tí bẹntiróòlù kúrò ní 65 náírà tó di 141, mo wà nínú ìwọ́de n'Ìbàdàn. Orin ń lọ, ijó ń lọ, àwọn àgbà gan-an ń yọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan yí táyà dé, ẹnì kan da kẹrosíìnì sí i, èéfín sọ, ẹnì kan sì pariwo pé ọlọ́pàá ti dé. Ọlọ́pàá kankan kò tíì dé o. A sáré. Ìyá kan to tòmátì sórí àpò ṣìmẹ́ńtì létí títì, márùn-ún márùn-ún, ó fi ata rodo sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹsẹ̀ wa ló tẹ gbogbo rẹ̀ di ọbẹ̀. Nígbà tí ara rọlẹ̀, ojú tì wá, a gbé fìlà kiri, a dá 4,300 náírà fún un. Ó kà á, ó dì í sétí ìró, ó wò wá látòkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń jà fún mi." Mi ò tíì gbàgbé bó ṣe sọ ọ́.

Yàtọ̀ sí ti ojú tó ń tini, abala 69 ìwé òfin ọ̀daràn wà níbẹ̀. Ẹni mẹ́ta péré ti tó: bí wọ́n bá péjọ, tí ìṣesí wọn ń ba àwọn tó wà nítòsí lẹ́rù pé wàhálà máa ṣẹlẹ̀, àpéjọ tí kò bófin mu nìyẹn. Táyà kan lè sọ ọgọ́ta yín di ọ̀daràn. Ẹ yan èèyàn mẹ́fà tó máa dé fìlà aláwọ̀ kan náà, tí wọ́n lè sọ fún alákọ̀ọ́rí pé kó máa lọ sílé. Ẹ fi ojú títì kan sílẹ̀ fún ọkọ̀. Ẹ fi okùn gbé pátákó kọ́ ọrùn, ẹ má kàn án mọ́ igi, torí ohun ìjà ni wọ́n máa pe igi náà tó bá yá. Ewé tútù ni kẹ́ ẹ mú lọ́wọ́. Kí olúkúlùkù fi báírò kọ nọ́ńbà lọ́ọ̀yà sí apá, kì í ṣe sínú fóònù, torí fóònù ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbà. Bí wọ́n bá mú ẹnikẹ́ni, wákàtí 24 ni òfin fún wọn láti gbé e dé ilé ẹjọ́ bí ilé ẹjọ́ bá wà nítòsí.

Ti iléeṣẹ́ yẹn, ẹ fi ẹ̀sùn sùn lọ́dọ̀ FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà. Ẹ so rìsíìtì mọ́ ọn.

*Màmá, ẹ gbà wá. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà tó jẹ́ Dáwódù fi ilé bàbá wa n'Ìbàdàn dógò fún báńkì kan, ó fi owó náà ra ọkọ̀ akẹ́rù. Ọkọ̀ náà ti dànù, èlé ti gorí èlé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n lẹ ìwé gbàǹjo mọ́ ilẹ̀kùn. Ọmọ mẹ́jọ ni wá, ìyá mẹ́ta ló bí wa, kò sẹ́ni tó mọ̀ sí i. Ìyá wa àgbà, ẹni ọdún 81, ti búra pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá, òun á bọ́ra síhòòhò lójú pópó. Ọmọ ẹ̀yìn àbúrò, Mọ́kọ́lá.*

Ẹ bá mi kí màmá, kí ẹ sì bá mi bẹ̀ wọ́n. Mo mọ ohun tí ìhòòhò ìyá àgbà jẹ́ nílẹ̀ wa. Ní 2009, nígbà àtúndì ìbò gómìnà l'Ékìtì, àwọn ìyá jáde bẹ́ẹ̀, gbogbo ayé sì gbọ́. Ṣùgbọ́n ìwé ilé ẹjọ́ ni olùtajà gbàǹjo ń sá fún, kì í sá fún èpè. Kí màmá wọ aṣọ òkè, kí wọ́n bá yín jókòó ní kóòtù.

Ṣé bàbá yín ṣe ìwé ìhágún? Bí wọn kò bá ṣe é, ilé ẹbí nìyẹn. Dáwódù ni olórí lóòótọ́, àmọ́ olórí kò dá ilé ẹbí tà, kò sì dá a fi dógò. Ó yẹ kí ẹnì kan láti ìdí igi kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i, ìdí igi mẹ́ta sì ni tiyín. Bí òun nìkan bá fọwọ́ sí i, ilé ẹjọ́ lè da ìwé náà nù, bí ẹ bá tètè lọ. Mo tún un sọ, *bí ẹ bá tètè lọ*. Bí wọ́n bá ti tà á fún ẹni tí kò mọ̀dí, tó ti sanwó, ọwọ́ yín á kúrú gan-an.

Ẹ tún bi wọ́n léèrè àṣẹ gómìnà. Òfin ilẹ̀ ti 1978 ní ẹni tó bá fẹ́ fi ilẹ̀ dógò gbọ́dọ̀ gba àṣẹ gómìnà. Ọ̀gbẹ́ni Ajilo l'Ékòó fi ilé rẹ̀ dógò fún Savannah Bank, kò san gbèsè, wọ́n fẹ́ tà á ní gbàǹjo, ó sì sáré lọ sílé ẹjọ́ pé kò sí àṣẹ gómìnà nínú ìwé náà. Ní 1989, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní òótọ́ ló sọ, ìwé náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Inú àwọn onígbèsè dùn! Àyà àwa tó wà ní báńkì já débi pé ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń yẹ̀ wò nínú fáìlì ni òǹtẹ̀ gómìnà. Àmọ́ ní 1996, ilé ẹjọ́ kan náà ní ẹni tó yá owó ló yẹ kó lọ gba àṣẹ náà, kò sì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀bi ara rẹ̀ ṣe àwíjàre. Nítorí náà ẹ̀gbọ́n yín kò lè sá sẹ́yìn Ajilo. Ẹ̀yin yòókù, tẹ́ ẹ kò jẹ owó kankan níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀.

Ẹ wo déètì. Lábẹ́ òfin ilé àti ilẹ̀ ti ẹkùn Ìwọ̀-oòrùn àtijọ́, òfin 1959 tí a ṣì ń lò n'Ìbàdàn, báńkì kò kàn lè jí lówùúrọ̀ kó talé: ó gbọ́dọ̀ ti béèrè owó rẹ̀ ní ìwé, kí oṣù mẹ́ta kọjá, àbí kó jẹ́ pé èlé ti wọ oṣù méjì láìsan. Gbàǹjo fúnra rẹ̀ nílò ìkéde ọjọ́ 7, ó kéré tán. Ẹ ya fọ́tò ìwé ara ilẹ̀kùn yẹn lónìí, kí ẹnì kan tó fi ìbínú fà á ya.

Ẹ lè fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ògiri pé ilé yìí kì í ṣe títà, bí gbogbo ìlú ṣe ń kọ ọ́. Kò dá báńkì dúró, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rà á kò ní lè sọ pé òun kò mọ̀. Ẹ sì múra owó sílẹ̀, torí adájọ́ lè ní kí ẹ kọ́kọ́ kó díẹ̀ nínú gbèsè náà wá sí kóòtù.

*Màmá, ẹ ṣé o. Gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, nínú fúláàtì kan ní ilé alájà mẹ́jọ. Mo fẹ́ tà á, báńkì ẹni tó fẹ́ rà á ní òun kò yá a lówó láìsí fọ́ọ̀mù EWS1, ìwé àyẹ̀wò ewu iná lára ògiri ìta ilé. Àwa ará ilé fẹ́ wọ́de lọ bá onílẹ̀. Ṣé bákan náà ni pẹ̀lú tilé?*

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ sọlísítọ̀ níbẹ̀, òun ni mo bi. Lẹ́yìn tí iná jó Grenfell, ilé gíga kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ní oṣù kẹfà 2017, tí èèyàn 72 kú, àwọn báńkì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ohun tí wọ́n fi bo ara ilé gíga. Ní ìparí 2019 ni EWS1 dé. Kì í ṣe òfin, àwọn báńkì àti àwọn sàfíyọ̀ ló gbé e kalẹ̀. Òfin ààbò ilé ti 2022 ní bí ilé bá ga tó mítà 11 tàbí àjà márùn-ún, owó àtiṣí ohun tó lè gbiná kúrò lára rẹ̀ kò sí lọ́rùn ẹni tó ń gbé ibẹ̀ tí òfin dáàbò bò. Láti 2023, báńkì ńlá mẹ́fà sì ní àwọn á máa yáni lówó lórí irú fúláàtì bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí ẹni tó fẹ́ rà á gbé e lọ bá ọ̀kan nínú wọn, kí ẹ sì fún un ní ìwé ẹ̀rí pé òfin náà bò yín.

Ti ìwọ́de, òfin 1986 tiwọn ní bí ẹ bá máa rìn, ẹ kọ̀wé fún ọlọ́pàá ní ọjọ́ 6 gbáko ṣáájú. Bí ẹ bá kàn dúró sójú kan níwájú ọ́fíìsì onílẹ̀, ẹ kò nílò lẹ́tà. Ẹ ṣọ́ ariwo, torí láti 2022 ọlọ́pàá lè fi òté lé e. Ẹ mú agbòjò dání, òjò Lọ́ńdọ̀nù kì í fi tóni létí.